Atukọ̀ Tí Gẹ̀ẹ́sì Rẹ̀ Kò Ní Àná

Atukọ̀ kan wà létí odò kan tó fẹ̀, tó máa ń rọra ṣàn bí ẹni tí kò ní ibi kankan láti lọ. Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọ, Ìbídùn, nítorí o ní o kò ní í wá sí kíláàsì mi mọ́, o ní àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń yí padà lójijì wọ̀nyí ti sú ọ. Jókòó ná. Ìbínú rẹ kò ní í sá lọ, wàá bá a níbi tí o gbé e sí.

Ọkùnrin yìí ti ń wa ọkọ̀ láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Àjèjì ló pọ̀ nínú àwọn tó ń gbé kọjá, nítorí náà ó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó tó iṣẹ́ rẹ̀. Ó mọ come. Ó mọ sit. Ó mọ hold, ó mọ bring, ó mọ go. Tí o bá wò ó dáadáa, àṣẹ ni gbogbo rẹ̀. Kò sí atukọ̀ tó ń pàṣẹ fún èrò pé kó jókòó lánàá. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò ní àná, kò sì mọ̀ pé kò ní in, nítorí kò tíì dùn ún níbì kankan.

N kò dá a lẹ́bi. Èdè tiwa ló tọ́ ọ dàgbà. Nínú èdè wa, lọ ni lọ ń jẹ́, ìbáà jẹ́ láàárọ̀ yìí, ìbáà jẹ́ nígbà tí wọ́n tẹ ìlú dó. Bí mo bá ní mo jẹun, o kò ní í bi mí bóyá oúnjẹ náà ti dé ikùn. Bí mo bá sì ní ìyá mi a máa kọrin, o kò lè mọ̀ láti inú ọ̀rọ̀ náà bóyá ìyá mi wà láyé tàbí ó ti kú. Òkú àti alààyè jọ ń kọrin nínú gbólóhùn kan náà ni. Ó dára bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wa tún un ṣe.

Atukọ̀ yìí bí ọmọ kan ṣoṣo, obìnrin. Ọmọ náà lọ́kọ, ó bá ọkọ rẹ̀ lọ sókè òkun, ó bí ọmọbìnrin kan níbẹ̀, àìsàn sì kọlù ú, ó sì kú kí ọmọ náà tó pé ọmọ ọdún méjì. Ọ̀hún ni wọ́n sin ín sí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin ló tọ́ ọmọ náà. O mọ̀ bí àwa ṣe ń ṣe, a kì í sọ ọ́ sójú ọmọdé pé ìyá rẹ̀ kú. Obìnrin náà ní ìyá rẹ̀ rìnrìn-àjò, ó lọ sílé. Bàbá ọmọ gbọ́, kò ní ọkàn láti sọ nǹkan míràn. Irọ́ kékeré náà bá ọmọ jẹun, ó bá a sùn, ó sì bá a dàgbà.

Nígbà tí ọmọ náà pé ọmọ ọdún méje, bàbá rẹ̀ mú un wá sọ́dọ̀ atukọ̀ kó wá lo ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, òun fúnra rẹ̀ sì kọjá sí ìlú ńlá níbi tó ti ní iṣẹ́ láti ṣe. Ọmọ náà kò gbọ́ Yorùbá kankan yàtọ̀ sí ẹ káàárọ̀. Bàbá àgbà kò ní Gẹ̀ẹ́sì kankan yàtọ̀ sí èyí tó fi ń pàṣẹ fún èrò. Síbẹ̀ ara wọn mọlé láti ọjọ́ kìíní. Ọmọ náà gbé ojú ìyá rẹ̀ wáyé, ó sì máa ń yọ ṣóńṣó ahọ́n síta bó bá ń ronú, gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ti máa ń ṣe. Bí atukọ̀ bá ti rí ahọ́n yẹn, inú rẹ̀ a dùn, inú rẹ̀ a sì bàjẹ́, lẹ́ẹ̀kan náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n jókòó sí èbúté. Ọmọ náà bèèrè ìyá rẹ̀. Atukọ̀ kó gbogbo Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jọ. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé ìyá ọmọ náà kọrin níbí nígbà kan rí, pé láràárọ̀ ló wá sétí odò yìí nígbà ọmọdé rẹ̀, tó sì jókòó sórí òkúta yìí. Ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde ni: Your mother sing. Every morning she come to this river. She sit here.

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó wo òkúta náà, ó wo odò, kò sì bèèrè nǹkan kan mọ́.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì rẹ̀, kí ìrì tó gbẹ, ọmọ náà ti wẹ̀, ó ti wọ bàtà, ó ti fi omi tẹ́ irun rẹ̀ nílẹ̀. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ òkúta náà, kò jókòó lórí rẹ̀. Atukọ̀ rò pé odò ló wù ú wò. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́jọ́ kejì ìyẹn. Ìkùukùu a bo odò funfun, ọkọ̀ a máa yọ nínú rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan láìdún, obìnrin yòówù tó bá sì sọ̀ kalẹ̀, ọmọ náà a dìde dúró. Bó bá ti rí ojú rẹ̀ tán, a tún jókòó.

Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, obìnrin, máa ń bá ọkọ̀ náà kọjá lọ sí oko rẹ̀. Ọmọ náà dìde fún òun náà. Ó bi ọmọ pé ta ló ń retí, ọmọ sì dáhùn. Tíṣà kò sọ nǹkan kan títí ọkọ̀ fi dé àárín odò, nítorí ó mọ̀ pé kò síbi tí èèyàn lè sá sí níbẹ̀.

"Bàbá, ìyá rẹ̀ ni ọmọ yín ń retí."

"Ìyá wo?"

"Ìyá tó bí i. Wọ́n ti sọ fún un lókè òkun pé ìyá rẹ̀ rìnrìn-àjò wá sílé, ó sì ní ẹ̀yin lẹ sọ fún òun pé ó máa ń wá síbí láràárọ̀ wá kọrin."

"Mo ní ó kọrin! Mo ní ó wá! Ta ló sọ pé ó ń bọ̀?"

"Lédè Yorùbá, bẹ́ẹ̀ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì lẹ fi bá ọmọ sọ̀rọ̀, bàbá. Sing kò tíì kọjá. Come kò tíì kọjá. Ìyá ọmọ náà ṣì jókòó sórí òkúta lẹ́nu yín."

Àjẹ̀ dúró lọ́wọ́ atukọ̀. Omi ń gbé ọkọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Ojú tì í, lẹ́yìn náà ẹ̀rù bà á. Ó rò ó pé bí ọmọ náà bá padà lọ báyìí, yóò gbà títí ayé pé ìyá òun wà láyé, pé ó mọ̀ pé òun wá, kò sì fẹ́ rí òun.

Tíṣà ní òun lè bá a sọ ọ́ fún ọmọ náà.

"Rárá o," ni atukọ̀ wí. "Ẹnu mi ló so ó. Ẹnu mi náà ló máa tú u."

"Kò le, bàbá. Ẹ kàn sọ pé she is dead. Ó parí."

"Kí ló parí? Ṣé ikú nìkan ni Gẹ̀ẹ́sì tí màá mọ̀ nípa ọmọ mi ni? Ọmọ yẹn kò mọ ìyá rẹ̀ rárá. Bí mo bá sọ pé ó kú, kí ni màá sọ pé ó ṣe kó tó kú? Ẹ kọ́ mi ní Gẹ̀ẹ́sì àná, tíṣà. Ẹ jọ̀ọ́."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nínú ọkọ̀, ní àlọ àti àbọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí bàbá ọmọ dé. Tíṣà kọ́kọ́ fún un ní èyí tó rọrùn. Ó ní ìrù kan wà tí wọ́n ń so mọ́ ọ̀rọ̀ nídìí bí nǹkan bá ti kọjá: walk a di walked, cook a di cooked, wash a di washed. Inú atukọ̀ dùn. Ó ní ṣé gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn. Ní ọjọ́ náà ó so ìrù mọ́ gbogbo ohun tó rí. Ó ní èrò kan goed, ó ní òmíràn comed, ó ní ewúrẹ́ ti eated iṣu òun. Tíṣà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Kò rí bẹ́ẹ̀, bàbá. Go kì í gba ìrù. Went ló máa ń dà."

"Went? Kò jọ ọ́ níbì kankan. Ẹ lọ wádìí ìyá rẹ̀."

"Eat ń di ate. Come ń di came. Sing ń di sang."

"Ó dáa, ìyẹn yé mi. Bring wá di brang."

"Brought."

Atukọ̀ gbé àjẹ̀ sílẹ̀. Ó ní èdè tí kò lè dúró síbi kan, òun kò ní í bá a sáré. Tíṣà wá fún un ní cut àti put àti shut, tí wọn kì í yí padà, lónìí tàbí lánàá. Ó ní ìwọ̀nyí ní làákàyè, ó jọ pé Yorùbá ni wọ́n. Ojú rẹ̀ tún ro ní kété tí wọ́n dé orí buy. Ó ro bí tìrẹ ṣe ro lánàá, Ìbídùn. Mo rí ọ, n kò kàn sọ̀rọ̀ ni.

Tíṣà ní, "Ẹ wo àwọn tó ń ṣe agídí yìí dáadáa. Jẹ ni, mu ni, sùn ni, jí ni, wá, lọ, fún, rí, gbọ́, sọ. Ọ̀rọ̀ tí ẹnu ń lò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni gbogbo wọn. Àlejò ló ń tẹ̀ lé òfin ilé, bàbá. Ọmọ onílé ń rìn bó ṣe wù ú."

Ọ̀rọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n kò wọ atukọ̀ létí. Bó bá kọ́ mẹ́ta lówùúrọ̀, yóò ti gbàgbé méjì kí oòrùn tó kàn án lórí. Ohun tó tún ya tíṣà lẹ́nu ni pé atukọ̀ a máa rántí went, a máa rántí brought pẹ̀lú gbogbo agídí rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá kan sang, tó rọrùn jù, ẹnu rẹ̀ a dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá báyìí. Ọmọ náà kò ṣíwọ́ wíwẹ̀ láàárọ̀, kò ṣíwọ́ dídìde dúró.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí oòrùn mú, tí kò sí èrò, atukọ̀ so ọkọ̀ mọ́ abẹ́ igi, ó sì dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀. Omi ń mì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òjìji ewé ń rìn lójú rẹ̀. Kò mọ ìgbà tó sùn.

Ó rí ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ náà, lórí odò náà, ṣùgbọ́n odò kò ní ìró. Ó mọ̀, bí a ti ń mọ nǹkan lójú àlá láìsí ẹni tó sọ ọ́ fún wa, pé àná ni òdìkejì. Èrò kún èbúté. Walk wọlé, cook wọlé, wash wọlé, èèyàn jẹ́jẹ́ ni gbogbo wọn. Bí wọ́n ṣe gúnlẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n fún kálukú ní fìlà kan náà, wọ́n dé e, wọ́n lọ. Cut àti put wọlé, arúgbó obìnrin méjì, bí wọ́n ṣe wọlé náà ni wọ́n ṣe sọ̀ kalẹ̀, wọn kò tilẹ̀ wo ọ̀nà fìlà. Go wọlé, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kánjú. Atukọ̀ yíjú sí omi díẹ̀, nígbà tó máa wẹ̀yìn, àgbàlagbà kan ló bá níbẹ̀, tí eruku bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Má wò mí bẹ́ẹ̀. Èmi náà ni. Ibi tí mo lọ ló sọ mí dà báyìí."

Ó gbé wọn, ó gbé wọn, títí èrò fi tán. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù ní etí ibí. Ọmọ rẹ̀ ni. Ó dúró sínú omi dé ọrùn ẹsẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ká etí aṣọ rẹ̀ sókè.

"Bàbá mi, ẹ gbé mi sọdá."

"Ọkọ̀ ti kún, ọmọ mi."

"Ẹ wẹ̀yìn yín."

Ó wẹ̀yìn. Ọkọ̀ ṣófo.

"Ẹsẹ̀ mi ti tutù," ni ọmọ náà wí. Kò bínú. "Ó pẹ́ tí mo ti ń dúró."

Atukọ̀ jí. Ojú rẹ̀ tutù, kì í sì í ṣe omi odò. Ó jókòó sínú ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀, àwọn ewé kò dẹ́kun àtirìn lórí omi. Ó wá mọ̀ pé kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ló le. Òun ni kò fẹ́ kí ọmọ òun di ẹni àná. Ọdún márùn-ún ló ti fi í sílẹ̀ lórí òkúta yẹn, nínú èdè tí kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì sunkún gan-an, ẹkún tí kò sun nígbà tí wọ́n mú ìròyìn náà wá.

Láti ọjọ́ náà kò bá ọ̀rọ̀ kankan jà mọ́. Kò kọ́ wọn bí ẹni ń kọ́ àkọ́sórí mọ́. Ó ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbé ọmọ rẹ̀. Ó kọ́ ate mọ́ ẹja àrọ̀ tí ọmọ náà jẹ tí egungun há a lọ́fun. Ó kọ́ fell mọ́ ọjọ́ tó já sódò, ó sì kọ́ swam mọ́ ọn, nítorí pé ọjọ́ kan náà ni. Ó kọ́ broke mọ́ àjẹ̀ tó ṣẹ́, ó kọ́ hid mọ́ ibi tó fi àjẹ̀ náà pa mọ́ sí. Ó kọ́ wore mọ́ fìlà òun tí ọmọ náà ń dé kiri. Ó kọ́ slept mọ́ inú ọkọ̀, níbi tí ọmọ náà máa ń sùn sí lọ́sàn-án. Àwọn ọ̀rọ̀ náà dúró sí i lórí báyìí, nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ẹni tó gbé lọ́wọ́.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí bàbá ọmọ dé, nígbà tí atukọ̀ sọ fún àwọn èrò àárọ̀ pé kí wọ́n ní sùúrù. Ìkùukùu bo odò. Ọmọ náà ti wà níbẹ̀, ó ti wọ bàtà. Atukọ̀ lọ jókòó sórí òkúta náà, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì jókòó lé láti ìgbà tí ọmọ ti dé. Ọmọ náà wò ó, ẹnu yà á. Atukọ̀ fà á mọ́ra.

Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń gbé ẹyin sọ̀ kalẹ̀. Ó ní, Your mother came here. She sat here. She sang. She ate my fish. Ó sọ ti àjẹ̀, ó ní broke, ó ní hid, ọmọ náà sì rẹ́rìn-ín. Ó ní ó fell, ó ní ó swam. Ó ní, She grew. She went far. She had you. Lẹ́yìn náà ó dúró kó mí. Ó ní, She died.

Nínú gbogbo ohun tó sọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ikú nìkan ló tẹ̀ lé òfin.

Ọmọ náà kò sunkún lójú ẹsẹ̀. Ó yọ ṣóńṣó ahọ́n síta. Ọkọ̀ kan yọ nínú ìkùukùu, obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀, ọmọ náà kò dìde. Ó wá bi bàbá àgbà ní ìbéèrè kan, pẹ̀lú ohùn tó tínrín: Did she sing to me?

Atukọ̀ gbọ́ ọ. Sing ni ọmọ náà wí. Ọ̀rọ̀ tí òun ti fi ẹkún gbé sọdá, ó ti bọ́ aṣọ àná, ó ti padà sí etí ibí, nítorí pé ẹnì kan bèèrè rẹ̀. Ó rántí fóònù tí ọmọ òun gbé sí ẹ̀gbẹ́ ìkókó lókè òkun, bó bá ń kọrin fún un, tí òun ń gbọ́ orin náà níhìn-ín nínú ọkọ̀, tí òun kò sì fẹ́ kó tán. Kò wá ọ̀rọ̀ náà, kò ka ìka, kò ronú rárá.

"She sang to you," ni ó wí, ó sì kọ orin náà fún un ní Yorùbá, wọ́n sì jọ sunkún níbẹ̀ títí ìkùukùu fi ká.

Ìbídùn, ìwọ ni mo ń bá wí. O bi mí pé kí ló kàn ọ́ kan àná àwọn Gẹ̀ẹ́sì, pé àwọn nọ́ọ̀sì tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ń gbọ́ ọ bó o ṣe ń sọ ọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá o kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù nípa bàbá arúgbó kan pé I give him the drug. O ti fún un, mo mọ̀. Ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ kà á, kò mọ̀ bóyá o ti fún un ni àbí o máa ń fún un ni, ó sì fún bàbá arúgbó yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọlọ́run ló yọ ọ́, bàbá náà kò kú. Wọ́n bá ọ wí, ojú tì ọ́, o sì wá síbí wá sọ pé went ló ṣẹ̀ ọ́. Went kò ṣẹ̀ ọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ yẹn ni o kò fẹ́ kó ti ẹnu rẹ kọjá.

Jẹ́ kó kọjá. Ohun tí èèyàn bá ti ṣe, tí kò jẹ́ kó di àná lẹ́nu rẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò máa dìde dúró dè é. Wá lọ́la, ní agogo mẹ́rin, má pẹ́. Gave la máa fi bẹ̀rẹ̀, ìwọ ni yóò sì kọ́kọ́ pè é, níwájú gbogbo kíláàsì, nínú gbólóhùn tó jẹ́ òótọ́: I gave it to him, and I wrote it wrong.